Ta Ni Adé Rí, Ta Ni Ó Rí Adé? Ìtàn Bí "Do" Ṣe Wọ Inú Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì ni kí a kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ni "Who saw Adé?" Èkejì ni "Who did Adé see?" Ti àkọ́kọ́ ń bèèrè ẹni tí ó rí Adé, ti èkejì ń bèèrè ẹni tí Adé rí. Ìbéèrè olùwà ni àwọn onígírámà ń pe ti àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí ó ṣe nǹkan ni à ń wá. Wọ́n ń pe èkejì ní ìbéèrè àbọ̀, nítorí pé ẹni tí a ṣe nǹkan sí ni ó pamọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ni pé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gba "do", "does" tàbí "did", àfi ìbéèrè olùwà. Ọ̀rọ̀ "àfi" yìí ni ó ń da ọmọ láàmú. Ó ń jẹ́ kí ìbéèrè olùwà dà bí ọmọ tí ó yapa kúrò nínú ẹbí, tí a kàn gbọ́dọ̀ há òfin rẹ̀ sórí láìmọ ìdí. Òdìkejì gan-an ni ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ìbéèrè olùwà wà níbi tí ó ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, kò yẹsẹ̀. Ìbéèrè àbọ̀ ni ayé yí padà fún, tí "do" sì wá bá gbé, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ohun tí ó fi ń dá olùwà mọ̀ yàtọ̀ sí àbọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní í nílò "àfi" mọ́.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1000. Mọ́ǹkì kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Ælfric ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó wá di ọ̀gá ilé àwọn mọ́ǹkì ní Eynsham, lẹ́bàá Oxford, ní 1005. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin ní èdè Látìn, ó sì ṣe ìwé ìtàkùrọ̀sọ kan fún wọn, nínú èyí tí olùkọ́ ti ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣẹ́ lẹ́nu wò lọ́kọ̀ọ̀kan: atúlẹ̀, darandaran, ọdẹ, apẹja, oníṣòwò, oníbàtà, oníbúrẹ́dì, alásè. Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí òkè rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ yẹn sì ń bẹ ní British Library ní London títí di òní. Bí ìbéèrè ṣe tò níbẹ̀ ni ó kàn wá. Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ mọ ohun tí atúlẹ̀ ní í sọ, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún "kí ni" á ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún "sọ" á tẹ̀ lé e, "ìwọ" á wá gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni ó fo olùwà kọjá láti lọ dúró ti ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè. Kò sí olùrànlọ́wọ́ kankan láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá ní ètò Látìn ni atúmọ̀ náà kàn ń tẹ̀ lé, kò burú láti wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ètò kan náà ni a ń bá pàdé nínú àwọn ìwàásù àti ìwé mìíràn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn kọ, níbi tí Látìn kò ti di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan nìyẹn.

Kí ni kò jẹ́ kí fífò yìí da ọ̀rọ̀ rú? Ara ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí ipò tí ó wà. Tí ẹni tí à ń bèèrè bá jẹ́ olùwà, "hwā" ni wọ́n ń wí. Tí ó bá jẹ́ àbọ̀, "hwone" ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ náà ní aṣọ tirẹ̀. Ọba tí ó ṣe nǹkan ni "se cyning". Ọba tí wọ́n ṣe nǹkan sí ni "þone cyning", níbi tí lẹ́tà "þ" ti dúró fún ohùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi "th" kọ lónìí. Ẹ gbé "þone cyning" síwájú o, ẹ gbé e sẹ́yìn o, kò sí ẹni tí yóò rò pé ọba ni ó na ẹnì kejì. Nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe lè fò bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èdè Jámánì rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn yẹn ṣì ń ṣe títí di òní: "wer" fún olùwà, "wen" fún àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ń dúró ṣáájú olùwà nínú ìbéèrè wọn láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀.

Aṣọ yìí ni ó gbó mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lára. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kì í sì í ṣe ìdí kan ṣoṣo ni ó fà á. Àwọn ará Scandinavia ti tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, èdè wọn sì sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ jọra, ìparí wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Nígbà tí irú àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ bá ń bá ara wọn ná ọjà, ìparí ọ̀rọ̀ ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń jù nù. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ náà ní 1066, Faransé di èdè ààfin, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́wọ́ àwọn tí kì í kọ ìwé púpọ̀. Nígbà tí akéwì Chaucer fi máa kú ní 1400, "se" àti "þone" ti di "the" kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà lọ, ipò tí ọ̀rọ̀ jókòó sí ni ó ń sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe: olùwà níwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe láàárín, àbọ̀ lẹ́yìn. Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Òun náà ni Yorùbá ń lò: Adé rí Ọlá, Ọlá rí Adé, ipò nìkan ni ó sọ ẹni tí ó rí ẹnì kejì.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe fún ìbéèrè. Bí a bá fi ètò àtijọ́ béèrè ẹni tí Adé rí, "Whom saw Adé?" ni a máa wí. Bí a bá béèrè ẹni tí ó rí Adé, "Who saw Adé?" ni. Lẹ́tà "m" kan ṣoṣo ni ó dá àwọn méjèèjì sí méjì. Lẹ́tà yẹn kò sì lágbára lẹ́nu aráyé. Láti ìgbà Shakespeare, àní ṣáájú rẹ̀ pàápàá, "who" ti ń gba ipò "whom" nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú àwọn eré Shakespeare fúnra rẹ̀, ó wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Nígbà tí "m" bá bọ́, "Who saw Adé?" á wá ní ìtumọ̀ méjì tí ó tako ara wọn, bí ilé tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo wà fún olówó àti fún olè. Ìbéèrè tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú "Saw Adé Ọlá?" orúkọ méjì ló fara kan ara wọn, kò sí ohun tí ó là wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn ti sáré lọ síwájú.

Ibẹ̀ ni "do" ti rí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. "Ṣe" ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alvar Ellegård, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí "do" ní 1953, rò pé láti inú ìtumọ̀ "mú kí a ṣe" ni ó ti yọ́ di ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́. Èrò rẹ̀ yìí yé ọmọ Yorùbá kíákíá. Bí a bá ní "Ọba kọ́ ààfin", kò sí ẹni tí yóò rò pé Kábíyèsí ru amọ̀ lórí. Ó mú kí àwọn ènìyàn kọ́ ọ ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi "do" sọ irú èyí: ọba "did build". Ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá sí ẹni tí a dárúkọ pé ó bá a ṣe iṣẹ́ náà, ta ni yóò mọ̀ bóyá òun ló ṣe é ni tàbí ó mú kí wọ́n ṣe é? Ìyàtọ̀ náà parẹ́ díẹ̀díẹ̀, "did build" sì di ohun kan náà pẹ̀lú "built". "Do" wá dúró lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní ẹrù lórí mọ́, tí ó sì lè fò síwájú olùwà láìṣe gbólóhùn léṣe. Tí a bá ní "Who did Adé see?", "did" ni ó lọ jẹ́ iṣẹ́ fífò tí àṣà ìbéèrè ń bèèrè fún, "see" sì padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn Adé. Olùwà ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àyè àbọ̀ sì ṣófo lẹ́yìn, ibi tí ìdáhùn yóò jókòó sí: "Adé saw Ọlá."

Iṣẹ́ tí Ellegård ṣe ni ó jẹ́ kí èyí kúrò ní àbá lásán. Ó tú àwọn ìwé tí wọ́n kọ láti nǹkan bí 1400 títí dé 1700 wò, ó ka gbólóhùn wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì pín wọn sí oríṣiríṣi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn, ìbéèrè tí ó ní "do" ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ó fi máa parí, èyí tí kò ní in ni ó ṣọ̀wọ́n. Àárín méjèèjì ni ẹ̀kọ́ wà. "Do" gbìyànjú láti wọ inú gbólóhùn àlàyé lásán náà, irú bí "Adé did see Ọlá" tí kò ní ìtẹnumọ́ kankan. Lẹ́yìn 1550, ó dé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn títí ó fi kúrò, tí Samuel Johnson sì fi lè kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní 1755 pé àṣà ọ̀rọ̀ tí kò dára ni. Kò sí ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀, nítorí olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ ti wà ní ipò wọn. Bí "do" bá jẹ́ oge lásán, ìbá ti jókòó sí gbólóhùn àlàyé gẹ́gẹ́ bí ó ti jókòó sí ìbéèrè. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ó dúró sí.

Ẹ̀rí kan tún wà nínú ìṣirò kan náà tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú àwọn ìbéèrè tí ìdáhùn wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí wọ́n ní àbọ̀ gba "do" ṣáájú àwọn tí kò ní àbọ̀. "Saw Adé Ọlá?" tètè di "Did Adé see Ọlá?", nígbà tí irú "Came Adé?" ṣì ń fa ẹsẹ̀. Ẹ rí i pé níbi tí orúkọ méjì ti lè fara kan ara wọn ni "do" ti yára. Ìbéèrè àbọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "what" ni ó sì pẹ́ jù láti gbà. Èyí lè kọ́kọ́ dà bí ohun tí ó tako mi, ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò. Nínú "What saw Adé?" àbọ̀ ti lọ síwájú, orúkọ kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ohun tí kò lẹ́mìí kì í sì í sábà ríran, ta ni yóò ṣì í gbọ́? Ewu kéré níbẹ̀, nítorí náà "do" kò kánjú. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi "say", "think" àti "mean" ni wọ́n pẹ́ jù nínú wọn, torí pé ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, ènìyàn ló ń ronú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ sì ti mọ́ wọn lára bẹ́ẹ̀. "How say you?" tí wọ́n fi ń bèèrè ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kóòtù Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ètò yẹn.

Ibì kan wà tí a ti lè fi ojú ara wa rí àwọn méjèèjì nínú ilé kan náà. Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 lábẹ́ Ọba James rọ̀ mọ́ ètò àtijọ́ ju bí àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, torí pé iṣẹ́ àwọn atúmọ̀ tí ó ṣáájú wọn, pàápàá ti William Tyndale tí ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní 1526, ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ ṣí Mátíù orí 16. Ní ẹsẹ 13, níbi tí Jésù ti ń bèèrè ohun tí aráyé ń fi òun pè, "do" wà láàárín ọ̀rọ̀ aṣèbéèrè àti "men". Ní ẹsẹ 15, níbi tí ó ti kọjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, "say" fo "ye" kọjá, kò sí "do" níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni, ẹsẹ kan ṣoṣo ló là wọ́n. Ohun tí ó yàtọ̀ ni olùwà: "men" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí ara rẹ̀ kò sọ bóyá olùwà ni tàbí àbọ̀, ṣùgbọ́n àwọn atúmọ̀ yẹn fi "ye" pamọ́ fún olùwà, wọ́n sì fi "you" sílẹ̀ fún àbọ̀, nítorí náà "ye" ń jẹ́rìí ara rẹ̀. N kò sọ pé wọ́n jókòó ṣírò rẹ̀ báyìí. Etí wọn ni ó ṣe é fún wọn.

Bíbélì yìí náà ni ó jẹ́ kí ìtàn náà kan ilé wa. Òun ni ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí Freetown, ibi tí wọ́n kó Àjàyí Crowther dé ní 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí ó sì ti kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Badagry àti Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840, ohun kan náà ni wọ́n gbé lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wa tipa bẹ́ẹ̀ ń ka ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn lójú ìwé, wọ́n sì ń gbọ́ èyí tí ó ní "do" lẹ́nu olùkọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé èdè kan náà ni ní ìgbà méjì.

Ọ̀rọ̀ "whom" náà ní ìtàn tirẹ̀, èmi kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Robert Lowth, tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1762, bá àwọn atúmọ̀ 1611 wí nítorí pé wọ́n kọ "whom" sí àwọn ẹsẹ Mátíù yẹn níbi tí "who" yẹ kí ó wà, Bíbélì tí wọ́n tún ṣe ní 1881 sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lindley Murray gba àwọn òfin Lowth, ó sì sọ wọ́n di ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní 1795. Ní Amẹ́ríkà, Noah Webster takò wọ́n ní 1789, ó ní "whom" ní ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹnu sọ. Ní 1921, onímọ̀ èdè Edward Sapir sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé láàárín nǹkan bí igba ọdún, amòfin tí ó mọ̀wé jù pàápàá kò ní í wí "Whom did you see?" mọ́. Mo gbà pé Webster àti Sapir ni wọ́n ríran jù. Nígbà tí "did" ti dúró síbẹ̀, tí "you" sì ti wà níwájú "see", iṣẹ́ tí "m" ń ṣe ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin Lowth ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn mìíràn sí.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ wá láti òkèèrè díẹ̀. Èdè Dutch, tí àwọn ará Netherlands ń sọ, pàdánù ìparí ọ̀rọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàdánù rẹ̀, síbẹ̀ kò mú "do" wọlé. "Wie zag Jan?" lè jẹ́ ta ni ó rí Jan, ó sì lè jẹ́ ta ni Jan rí, wọ́n ń lo ọgbọ́n orí láti mọ èyí tí wọ́n ń bèèrè, wọn kò sì kú. Òótọ́ ni. Èyí fi hàn pé ìdàrúdàpọ̀ nìkan kò lè bí "do". Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú gbólóhùn àlàyé Dutch, ọ̀rọ̀-ìṣe ṣì ń fo olùwà kọjá ní gbogbo ìgbà tí nǹkan mìíràn bá ṣáájú: tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé lánàá ni Jan wá, "wá" ni yóò tẹ̀ lé "lánàá" kí Jan tó dé. Fífò jẹ́ ìṣe wọn. Gẹ̀ẹ́sì ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ó ti jẹ́ kí olùwà máa ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo gbólóhùn rẹ̀, ìbéèrè ni ó wá dá yàtọ̀. Ìdàrúdàpọ̀ àti ìyàtọ̀ yìí pa pọ̀ ni wọ́n sọ "do" di ohun tí kò ṣeé má nìí.

Àwọn mìíràn ní ọ̀dọ̀ àwọn Welsh àti Cornish ni Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ, nítorí pé èdè àwọn yẹn náà máa ń fi ọ̀rọ̀ "ṣe" ran ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí irúgbìn ti wá kò sọ ìdí tí ó fi hù ní oko kan tí ó sì rọ ní òmíràn. Ìdí tí "do" fi gbilẹ̀ nínú ìbéèrè àbọ̀, tí ó rọ nínú gbólóhùn àlàyé, tí kò sì wọ inú ìbéèrè olùwà rárá, ni à ń wá. Ẹlòmíràn á ní, ṣé "Who did see Adé?" àti "Who didn't see Adé?" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Ìtẹnumọ́ ni "did" ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó wí i á tẹ ohùn mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí yóò ti tẹ̀ ẹ́ nínú "Adé did see him". Ti èkejì, "not" ni ó pè é. Kò sí ìbéèrè, "Adé didn't see him" náà gbà á. Ìbéèrè olùwà kò mú un wá nínú méjèèjì.

Kí a wá yíjú sí èdè tiwa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. "Ta ni Adé rí?" Ìbéèrè àbọ̀ nìyí, kò sí ohun kankan tí a fi kún un. "Ta ni ó rí Adé?" Ìbéèrè olùwà nìyí, "ó" sì ti wọlé. Bí a bá ń yára sọ̀rọ̀, "Ta ló rí Adé?" ni a máa wí, ṣùgbọ́n "ó" ṣì wà nínú "ló". Kò tilẹ̀ bìkítà bóyá ẹni kan ni tàbí ọ̀pọ̀: "Àwọn wo ló dé?" ni à ń wí. Dídi àyè mú ni iṣẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n bí Yorùbá ti máa ń gbé ohun tí à ń bèèrè síwájú "ni", bí a bá gbé olùwà lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe á kù láìní olùwà níwájú rẹ̀, "ó" ni ó sì ń jókòó sí ìjókòó náà. Tí àbọ̀ bá lọ síwájú, Adé ṣì wà níwájú "rí", kò sí àyè tí ó ń fẹ́ ẹni tí yóò dì í mú. Ìdí nìyẹn tí àfikún fi wà nínú ìbéèrè olùwà ní Yorùbá, tí ó sì wà nínú ìbéèrè àbọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan náà ni èdè méjèèjì ń dáàbò bò: kí olùwà máa wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ kò jẹ́ kí èyí hàn kedere. "Tani" àti "kini" ni wọ́n ń kọ, lódindi, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú "who" àti "what", bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni ó là wọ́n, "ta ni", "kí ni", tí ojú fi rí i pé "ni" inú gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni ó wà níbẹ̀, èyí tí a ń bá pàdé nínú "Adé ni ó rí i".

Ọmọ Yorùbá tí ó bá kọ "Who did broke the plate?" kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ìbéèrè ń fẹ́ àfikún. Èdè abínibí rẹ̀ ti sọ fún un pé ìbéèrè olùwà gan-an ni àfikún ń gbé. Ó fi "did" sí ibi tí "ó" yẹ kí ó wà. Wọn á fa ìlà pupa sí i, wọn á ní kí ó lọ há àfi sórí. Àwọn kan á ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kò nílò ìtàn Ælfric kí ó tó yege ìdánwò. Kò nílò orúkọ Ælfric, lóòótọ́. Ohun tí ó nílò ni ìdí, ìdí náà sì wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, orí ìgbàgbọ́ pé èdè abínibí kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà ni wọ́n dúró lé.

Ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa dúró níwájú pátákó ní ọjọ́ Ajé, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ kọ "Ta ló fọ́ àwo?" àti "Kí ni Adé fọ́?" sí apá òsì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi ìka tọ́ ẹni tí ó wà níwájú "fọ́" nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ "Who broke the plate?" àti "What did Adé break?" sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wọn.